Sniper Elite 5: Ṣé kí o dá a ta, àbí kí o ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá?

Ẹni tó bá ra Sniper Elite 5 ti ra eré márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. O lè dá wọ inú ìtàn rẹ̀ lọ. O lè pe ọ̀rẹ́ kan kí ẹ jọ wọ̀ ọ́. O lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí àjèjì kan láti ibikíbi láyé yọ́ wọlé bá ọ níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́ rẹ jẹ́jẹ́, kí ó máa wá bí yóò ṣe pa ọ́ (Axis Invasion ni wọ́n ń pe èyí). Ẹ lè jẹ́ mẹ́rin kí ẹ máa ṣọ́ ibùdó kan. Ẹ sì lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún lórí pápá, kí kálukú máa wá orí ẹnì kejì rẹ̀. Ìbọn kan náà ni, bọ́tìnnì kan náà ni, àmọ́ àṣà tó ń gbe ènìyàn nínú ọ̀kan ló máa ń sin ín nínú èkejì.

Rebellion, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ló jáde, lórí kọ̀ǹpútà, PlayStation 4 àti 5, Xbox One àti Xbox Series. Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn náà wà, lọ́dún 1944, nígbà tí àwọn Násì ṣì ń jọba níbẹ̀. Karl Fairburne, ẹni tí ìwọ yóò máa ṣe nínú eré náà, jẹ́ sínáípà, ìyẹn ẹni tó ń yìnbọn láti òkèèrè. Ó ń lépa ọ̀gá Násì kan tó ń jẹ́ Abelard Möller àti ètò ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, Operation Kraken. Iṣẹ́ mẹ́jọ tó gbòòrò ló wà nínú ìtàn náà, ìkẹsàn-án sì kúrú, òun ló fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín dídá ta àti bíbá ènìyàn ta kò sí lára ìbọn. Ọmọ ogun kọ̀ǹpútà a máa gbàgbé. Bí o bá yìnbọn tí o sì fara pamọ́, yóò wá ọ káàkiri, yóò kùn díẹ̀, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tíì tutù. Ènìyàn tó bá gbọ́ ìró ìbọn yẹn yóò jókòó ti ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá mọ ayò mọ ohun tí à ń sọ: kí òpè dá ọmọ ayò lábẹ́ igi fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí kí ó jókòó níwájú ọ̀ta. (Èdè wa náà ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn: ọta ni à ń yìn, ọ̀tá ni à ń yìn ín sí, ọ̀ta ló sì ń borí. Ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀, kó yáa máa fi sí i.)

| | Dídá ta | Axis Invasion | Ènìyàn 16 |
|---|---|---|---|
| Ta lò ń bá jà? | Ọmọ ogun kọ̀ǹpútà | Ọmọ ogun kọ̀ǹpútà àti ènìyàn kan láàárín wọn | Ènìyàn nìkan |
| Íntánẹ́ẹ̀tì | Kò pọn dandan | Dandan | Dandan |
| Ṣé o lè dá a dúró? | Bẹ́ẹ̀ ni, nígbàkígbà | Rárá | Rárá |
| Àkókò | Wákàtí kan sí méjì fún iṣẹ́ kan, o sì lè pín in sí ọjọ́ mẹ́ta | Ìgbà tí ẹnì kan bá kú | Eré kúkúrú, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn |
| Ohun tó ń pa òpè | Ariwo | Kí ó dúró síbi tó ti yìnbọn | Ìbọn tí kò tíì ní ohun èlò lára |

Dídá ta

Adùn rẹ̀ ni pé ìwọ lo ni àkókò. O lè dojú bolẹ̀ lórí òkè fún ogún ìṣẹ́jú láìyìn ẹyọ ọta kan, kí o kàn máa wo ẹni tó ń rìn, ẹni tó ń mu sìgá, àti ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò. Iṣẹ́ kejì, Occupied Residence, dára fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ilé ńlá ni Château de Berengar, Möller ló ń gbé e. Ẹnu ọ̀nà ńlá wà níwájú, ṣùgbọ́n ìtàkùn wà lára ògiri tí o lè gùn dé fèrèsé òkè. Ẹni tó bá gba iwájú yóò bá ogún ènìyàn jà. Ẹni tó bá gun ìtàkùn lè má bá ju mẹ́ta lọ.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, lọ síbi tí a ti ń yan bí eré ṣe máa le. Civilian ló rọ̀ jù, Authentic ló le jù, tí kì í fi àmì kankan hàn lójú iboju. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé o lè pín líle náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí ọ̀tá ṣe gbóná tó, bí ọta ìbọn ṣe ń rìn bí ti gidi tó, àti iye ìrànlọ́wọ́ tí géèmù yóò fún ọ. Bí o bá ní in lọ́kàn láti bá ènìyàn ta lẹ́yìn ọ̀la, jẹ́ kí ọ̀tá rọ̀, kí ọta ìbọn sì le. Ọ̀tá tó gbóná yóò kàn lé ọ kiri ni, ọta tó ń rì nínú afẹ́fẹ́ ló máa kọ́ ojú rẹ níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìyìnbọn ẹyọ kan péré wò. O wà lórí òkè, ọmọ ogun kan dúró lórí ilé ìṣọ́. Fi awò ọ̀nà jíjìn wo gbogbo àyíká kí o sì sàmì sí olúkúlùkù tí o bá rí, torí pé àmì yẹn yóò máa bá wọn lọ kódà bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Ka iye wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wo ojú ewé ìbọn rẹ: iye mítà tí ariwo rẹ̀ ń dé wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ 75 síbẹ̀ tí ọmọ ogun tó sún mọ́ ọ jù sì wà ní mítà 90, máa yìn ín lọ. Bí ó bá kọ ju 90 lọ, wá ẹ̀rọ iná. Jẹnẹrétọ̀ máa ń wà nítòsí ibùdó wọn. Bí o bá bà á jẹ́ díẹ̀, yóò máa húkọ́ gbàù, gbàù, bí èyí tí wọ́n fi epo ayédèrú sí. Bó bá ti húkọ́ ni kí o yìnbọn, ariwo rẹ̀ á bo tìrẹ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun kan yóò wá tún un ṣe, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ọjọ́ lo ní.

Ó kù kí o mí. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè, ọwọ́ rẹ kò ní dúró. Sinmi títí ọkàn yóò fi rọlẹ̀, tẹ bọ́tìnnì tó ń mú kí Karl mí èémí jáde tán, kí o sì yìn ín. Lẹ́yìn náà kúrò níbẹ̀. Èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ẹni tí ìbọn àkọ́kọ́ bá dùn mọ́ á yin ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta láti ojú ibi kan náà. Ìbọn àkọ́kọ́ kàn dà wọ́n láàmú ni. Ìkejì ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n, ìkẹta ló ń gbé wọn dé ẹsẹ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ọta tí kò pariwo gba àlàyé díẹ̀, torí pé òun ló ń mú káwọn ènìyàn sọ pé géèmù náà ń rẹ́ wọn jẹ. Oríṣi ọta mélòó kan ló wà fún ìbọn gígùn: ti gbogbo ìgbà, èyí tó ń dá irin lu, èyí tó rọ̀ lórí tó ń ba ara jẹ́ gidigidi, èyí tí kì í pani, àti èyí tí kì í yára tó ohùn. Ohùn ń lọ ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ya afẹ́fẹ́ tó ń dún pàà! Èyí tí kò yára tó o kì í dún bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ó ṣe dára fún iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ṣírò rẹ̀ wò: nínú ayé gidi, ọta tó ń lọ ní mítà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo odindi ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó dé ibi tó jìn tó mítà 300. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ilẹ̀ á ti fà á wálẹ̀ ní nǹkan bí mítà márùn-ún. Ọta tó ń lọ ní mítà 800 kò ní rì tó mítà kan láàárín ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá sì ń rìn á ti kúrò lójú ibi tó wà ní mítà kan àti ààbọ̀ kí ọta tí kò yára yẹn tó débẹ̀. Nítorí náà, ọta tí kò pariwo jẹ́ ti itòsí àti ti ẹni tó dúró sójú kan. Lílò ó fún ẹni tó ń rìn lókèèrè ni kíkó ọta dànù, wọn kì í sì í pọ̀ lápò. Awò orí ìbọn ṣeé tò sí iye mítà tó jìnnà sí ohun tí o fẹ́ yìn. Tò ó kí o tó yìnbọn.

Àwọn nǹkan mìíràn tó ń ba eré jẹ́ kò ju mẹ́rin lọ. Òkú tí o kò gbé pamọ́: ẹni tó bá kọjá á rí i, gbogbo ilé á sì dìde. Sísáré nínú ilé: ẹsẹ̀ ń dún. Agogo ìdágìrì tí o kò kọ́kọ́ bà jẹ́. Àti sínáípà wọn, tí o lè tètè mọ̀ nítorí pé gíláàsì awò rẹ̀ máa ń kọ mànà nínú oòrùn. Bí o bá rí ohun tó kọ mànà lójú fèrèsé, má dúró yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó parí iṣẹ́ kan kò tíì parí ilẹ̀ náà. Ibi àtiwọlé ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì máa ń ṣí bí o ṣe ń rí wọn. Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí géèmù fẹ́ kí o pa ní ọ̀nà pàtó. Nínú iṣẹ́ kìíní, The Atlantic Wall, Steffen Beckendorf ni, òkú èkúté tí wọ́n ki bọ́m̀bù sí nínú ni géèmù sì ní kí o fi pa á. Àwọn kan rò pé àwàdà lásán ni. Rárá o. SOE, àjọ iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú èkúté bẹ́ẹ̀ gan-an nígbà ogun náà, kí wọ́n lè sọ ọ́ sáàárín èédú ilé iṣẹ́ ọ̀tá. Àwọn Jámánì gba ẹrù àkọ́kọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò sì rí i lò, ṣùgbọ́n àwọn Jámánì lo àkókò púpọ̀ láti máa wá èkúté kiri, ó sì tẹ́ SOE lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò gbọ́dọ̀ fò nínú dídá ta ni tábìlì iṣẹ́ ìbọn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní mẹ́ta: ọ̀kan fún ìbọn gígùn, ọ̀kan fún ìbọn alátẹ̀lé tó ń yìn léraléra, ọ̀kan fún ìbọn ìléwọ́. Inú yàrá títì ni wọ́n sábà máa ń wà. Kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí i láìpariwo, bọ́m̀bù àpò náà ń ṣí i, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ pé o débẹ̀. Tábìlì kọ̀ọ̀kan tí o bá rí ń ṣí ohun èlò tuntun fún ọ, sàìlẹ́ńsà, awò, ìdí ìbọn, ẹnu ìbọn, o sì lè gbé wọn lọ sínú eré tí o máa bá ènìyàn ta. Ibí yìí ni dídá ta àti bíbá ènìyàn ta ti so kọ́ra.

Axis Invasion: ẹni tó yọ́ wọlé

Bó o bá bi wá, èyí ni ìdí tó fi yẹ kí ènìyàn ra géèmù yìí dípò òmíràn. O wà nínú iṣẹ́ rẹ, o ń dá a ṣe bí ti tẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ kan jáde lójú iboju: sínáípà ọ̀tá ti wọlé. Ènìyàn ni. Aṣọ Jámánì ló wọ̀, àwọn ọmọ ogun kọ̀ǹpútà ò ní yìnbọn lù ú, ó sì lè ta wọ́n lólobó kí ojú wọn là sí i, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún un. Bó bá pa ọ́, ó borí, ìwọ á sì padà síbi tí géèmù fi pamọ́ gbẹ̀yìn. Bí o bá pa á, o ń bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ẹni tó bá fi ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀ ní ṣíṣí ń gba àfikún XP, ìyẹn máàkì ìrírí; ẹni tí kò bá fẹ́ á lọ pa á nínú ètò géèmù náà, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó mọ dídá ta dáadáa nìyí. Ó ti kọ́ láti pa gbogbo ọmọ ogun tó wà lọ́nà rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè mọ́. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó wọlé ń ka òkú bí ọdẹ ṣe ń ka ojú ẹsẹ̀ ẹran. Ọ̀nà tí kò sí ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ mọ́ ni ọ̀nà tí o gbà. Òkú méjì létí odò, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ìdákẹ́rọ́rọ́ nínú ilé: ó ti mọ ibi tí o wà. Bí o bá sì dá gbogbo wọn sí, ojú tí yóò máa fi wá ọ á pọ̀ lọ jàra. Nítorí náà, pa ìwọ̀nba, kí o sì tún pa ẹnì kan tàbí méjì síbi tí o kò ní gbà, kí ojú ẹsẹ̀ lè tako ara wọn.

Bí ìkìlọ̀ náà bá jáde, kọ́kọ́ dúró. Má parí ohun tí o ń ṣe. Kúrò níbi tí o ti yìnbọn gbẹ̀yìn, ó kéré tán kí ilé kan tàbí òkè kan wà láàárín ìwọ àti ibẹ̀. Gbàgbé ibi tí iṣẹ́ rẹ wà, torí pé òun náà mọ ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ dojú awò kọ. Wá igun ilé tó ní ọ̀nà àbájáde méjì. Ri bọ́m̀bù ilẹ̀ sí ọ̀nà tí o kò wò, kí o sì wo èkejì. Ẹni tó bá jókòó sí yàrá ọlọ́nà kan ti kàn gbẹ́ ibojì ara rẹ̀ ni.

Fóònù ni ohun tó mú kí eré yìí dùn. Fóònù wà káàkiri ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá gbé e sétí, yóò sọ ibi tí ẹni tó wọlé wà fún ọ ní àkókò yẹn. Bí o bá sì ń gbé e ní ìgbàkígbà, wọn yóò tú ìwọ náà fó. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni oògùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni májèlé. Wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó ni ilé gbé fóònù, ó rí i pé ọ̀tá wà ní ilé ìsìn tó wà lápá òsì, ó sáré jáde, ó ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀tá wà nígbà yẹn ni fóònù sọ, kì í ṣe ibi tí ó wà báyìí. Bí ọ̀tá náà bá gbọ́n, ó ti kúrò níbẹ̀. Bó bá tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ri bọ́m̀bù sídìí fóònù kejì, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń kánjú yóò ti kọ́kọ́ tẹlẹ̀. Wo ilẹ̀ kí o tó gbé fóònù. Bákan náà ni kí o ṣe tìrẹ: fóònù tí o bá ti lò tán tí o kò ní padà sídìí rẹ̀ mọ́ dára fún dídẹ pàkúté.

Ìwọ náà lè jẹ́ ẹni tó ń yọ́ wọlé, a sì gbà ọ́ níyànjú pé kí o gbìyànjú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí o tó ṣílẹ̀kùn tìrẹ, torí pé ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tí wọ́n ń wò lára rẹ. Ẹni tó wọlé tó ń sáré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa. Ọmọ ogun kọ̀ǹpútà kì í sáré láìnídìí, kì í kúnlẹ̀ ṣípò sí ṣípò, kì í gun ìtàkùn. Rìn bíi tiwọn, dúró bíi tiwọn, yí padà bí ẹni tí wọ́n gbé sẹ́nu iṣẹ́ tó ti sú. Ẹni tó ń wò ọ́ láti inú awò ní mítà 200 ní ọmọ ogun ogún láti yàn láàárín wọn.

Ìṣòro kan wà tí kò sí àtúnṣe pípé fún: kí ẹni méjèèjì máa ba sójú kan. Ẹni tó ni ilé ń retí, ẹni tó wọlé náà ń retí, ogún ìṣẹ́jú ti lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ilé ni kí ó rọra yọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bí iṣẹ́ bá ń lọ, ọ̀ranyàn ni kí èkejì dìde. Ẹni tó ń ṣọ́ ihò òkété kò lè sùn bí òkété bá ti gba ihò mìíràn jáde.

Ènìyàn mẹ́rìndínlógún

Níbí, kò sí ìtàn, kò sí ọmọ ogun tó ń gbàgbé. Free for All ni kálukú fún ara rẹ̀. Team Match àti Squad Match jẹ́ ti ẹgbẹ́. Àwọn tó ń yára bí iná ọyẹ́ ló ń borí nínú Free for All, tí wọ́n ń fi ìbọn alátẹ̀lé lé àwọn tó dojú bolẹ̀ kiri. Ẹni tó fẹ́ràn sùúrù yóò bínú níbẹ̀. Èyí tó yẹ ẹni tó ti inú dídá ta wá ni No Cross. Ilẹ̀ pín sí méjì, ẹgbẹ́ kan kò lè kọjá sí ọ̀dọ̀ èkejì, nítorí náà ìbọn gígùn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí o kọ́ nípa ọta tó ń rì àti ẹni tó ń rìn yóò wúlò fún ọ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ti rí gbogbo tábìlì iṣẹ́ ìbọn wọn tipẹ́. Bí o bá gbé ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde lọ bá wọn, tìrẹ yóò mì, tiwọn ò ní mì.

Ti ọ̀rẹ́ méjì, ti ẹni mẹ́rin

Ẹni méjì lè jọ ta gbogbo ìtàn náà. Ẹnì kan lórí òkè pẹ̀lú awò, ẹnì kan nínú ilé pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́: bí ẹ bá ń bá ara yín sọ̀rọ̀, iṣẹ́ á yá. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, ariwo ẹnì kan á máa tú ẹnì kejì fó. Survival, ti ẹni mẹ́rin, kì í ṣe eré ìyọ́kẹ́lẹ́ rárá. Ọ̀tá ń rọ́ dé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ẹ̀ ń dá wọn padà. Ó dára fún alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan tó máa wúlò fún un nínú Axis Invasion ju bí a ṣe ń ri bọ́m̀bù mọ́lẹ̀ lọ.

Iná, détà àti owó oṣù

Dídá ta kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí o bá ti gbé géèmù náà sórí ẹ̀rọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, níbi tí iná lè lọ nígbà tí ìka ti wà lórí ìbọn. Bí iná bá lọ, ohun tí o pàdánù ni ohun tí o ṣe láti ìgbà tí o fi pamọ́ gbẹ̀yìn; nítorí náà, fi pamọ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá rí tábìlì ìbọn kan tàbí tí o bá bọ́ nínú ewu kan. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn lò ń bá ta, eré ti tán nìyẹn.

Lórí PlayStation àti Xbox, bíbá ènìyàn ta ń bèèrè owó oṣù, PlayStation Plus tàbí Xbox Game Pass. Lórí kọ̀ǹpútà kò bèèrè. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ pàdé nínú eré kan náà. Ní ti détà, eré fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹ́ púpọ̀, gbígbé e sórí ẹ̀rọ àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó yẹ kí o ṣọ́ ni ping, ìyẹn iye ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti kọjá 150, ẹni tí o rí lójú fèrèsé ti kúrò níbẹ̀ kí o tó rí i, ọta rẹ yóò sì kan igi fèrèsé. No Cross ló ń fojú ẹni tí ping rẹ̀ ga gbolẹ̀ jù. Axis Invasion ṣì ṣeé fara dà, torí pé ìjókòó àti ìṣọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, ìbọn tó ń dún lè má ju mẹ́ta lọ. Bí o bá lè fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ ráùtà dípò Wi-Fi, so ó.

Èwo ni kí o mú?

Bí àkókò rẹ bá jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú lálẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, dá a ta, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o ò tíì ta á. Bó bá jẹ́ pé ìdíje ló ń mú inú rẹ dùn, má sáré lọ bá àwọn mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ kìíní. Dá iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ta pẹ̀lú Axis Invasion ní pípa. Wá gbogbo tábìlì iṣẹ́ ìbọn inú wọn, ìyẹn bíi mẹ́sàn-án. Ìkẹta, Spy Academy, ni kí o fara balẹ̀ sí jù, ní Beaumont-Saint-Denis, erékùṣù tí wọ́n wo Mont Saint-Michel ṣe, tí afárá gígùn wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá lè gba orí afárá yẹn kọjá láìsí ẹni tó rí i ti mọ̀ bí a ṣe ń lo ariwo ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ́ wọ ilé àwọn mìíràn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìgbà náà ni kí o wá ṣí tìrẹ.

Kí o tó ṣí i, dín fíìmù X-ray tó ń fi egungun hàn kù nínú ètò géèmù náà. Ó dùn ún wò ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojú tó ń wo ọta tó ń wọ agbárí kò lè máa wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì pè ọ́ láti wá jẹun nígbà tí ẹlòmíràn ti wọlé, ri bọ́m̀bù sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì kí o tó gbé páàdì kalẹ̀, torí pé òun kò ní dúró dè ọ́.